Fóònù A Máa Tètè Padà, Ọkàn Kì í Tètè Padà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wọ ọkọ̀ trotro ní Last Stop ní Dansoman, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Accra, tí ó sì wo ọwọ́ àwọn tí wọ́n jókòó tì í, yóò rí ohun kan tí ó yẹ kí olùkọ́ ronú lé lórí. Àtàǹpàkò wọn kì í sinmi. Wọn a ṣí WhatsApp, wọn a fi í sílẹ̀ lọ sórí Facebook, wọn a bọ́ sórí TikTok, wọn a sì tún padà sí WhatsApp kí ọkọ̀ náà tó dé Kaneshie. Bí ó ti rí níbẹ̀ ni ó rí ní Ìbàdàn, ní Kútọnu àti ní Lomé. Kí ni ó fà á, kí sì ni ó ń fi ṣe wá?

Kò yẹ kí a rò pé gbogbo fífò láti orí áàpù kan sí òmíràn ni ó burú. Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin tí ń ta aṣọ nínú ilé rẹ̀ ní Dansoman. Oníbàárà bèèrè ọjà lórí WhatsApp. Obìnrin náà lọ sórí áàpù owó láti wò bóyá owó ti wọlé, nítorí láti ọdún 2009 tí ilé-iṣẹ́ MTN ti bẹ̀rẹ̀ owó orí fóònù ní Ghana ni irú káràkátà bẹ́ẹ̀ ti ń gbilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí GhanaPostGPS, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2017 láti fún ilé àti ilẹ̀ ní àdírẹ́sì, kí ó lè júwe ilé oníbàárà fún ẹni tí yóò fi alùpùpù gbé ẹrù lọ. Áàpù mẹ́ta ni ó ṣí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ṣe. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ohun tí mo ń kìlọ̀ fún ni fífò tí kò ní ìdí. Ohun méjì ni ó ń fà á. Èkínní ni ìrọ̀rùn. Bí a bá fi áàpù kan sílẹ̀, fóònù kì í tì í pa lójú ẹsẹ̀. A máa tọ́jú rẹ̀ sínú ìrántí rẹ̀ bí ẹni tí ó sùn. Bí a bá padà dé, yóò jí, yóò sì fi ibi tí a ti dúró hàn wá. Ìgbà tí ààyè ìrántí bá há ni yóò pa àwọn tí a ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Èkejì ni ìrètí. Ohùn kan dún, àmì pupa kan yọ; nígbà mìíràn a bá ọ̀rọ̀ dídùn níbẹ̀, nígbà mìíràn a kò bá nǹkan kan. Àìmọ̀ èyí tí a óò bá ni ó ń mú wa tún wò, bí ọmọdé tí ó dẹ ẹbìtì, tí ń lọ wò ó ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú.

Ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn kò rí bí fóònù. Ní ọdún 1927, Arthur Jersild, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn ènìyàn ṣe àròpọ̀ sí nọ́ńbà kan, kí wọ́n ṣe àyọkúrò sí èyí tí ó tẹ̀lé e. Ó pẹ́ wọn ju ìgbà tí wọ́n ṣe ọ̀kan ṣoṣo lọ. Ní ọdún 2009, Sophie Leroy ṣàlàyé pé bí a bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí, apá kan ọkàn wa a máa dúró tì í nígbà tí a bá ti bọ́ sórí òmíràn. Gloria Mark ní Yunifásítì California ní Irvine rí i ní ọdún 2004 pé nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀ ni ènìyàn ń gbé ojú lé ohun kan lórí kọ̀ǹpútà kí ó tó yí sí òmíràn. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2023, ó ní àkókò náà ti dín sí nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 47.

Ẹ lè dán an wò nínú kíláàsì. Ẹ kọ lẹ́tà Yorùbá 25 tán, kí ẹ tó kọ nọ́ńbà 1 dé 25. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ wọ́n ní ìpààrọ̀: A, 1, B, 2, D, 3, títí dé òpin. Ẹ fi aago wọn ìgbà méjèèjì, ẹ óò sì rí ohun tí ìpààrọ̀ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Àdánù náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ń fi owó ránṣẹ́, tí ó yà lọ ka ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, lè padà wá tẹ nọ́ńbà ẹlòmíràn, kí owó ọ̀sẹ̀ kan sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a ka ojú ìwé kan nígbà mẹ́ta, kò ní rántí ohun tí ó kà. Olùkọ́ tí ó sì ń wo fóònù lójú àwọn ọmọ ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé.

Kí ni kí a ṣe? Èkínní, kí a tó gbé fóònù, kí a fi ẹnu ara wa sọ ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. Bí a kò bá rí sọ, kí a gbé e kalẹ̀. Èkejì, kí a má ṣe fi iṣẹ́ owó sílẹ̀ láìparí. Ẹ̀kẹta, kí a pa ohùn fóònù nígbà ìwé kíkà, kí a gbé e sí yàrá mìíràn, kí a sì yan wákàtí kan tí a óò fi dá gbogbo ènìyàn lóhùn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Fóònù lè fi ogún iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí kí ó má sì gbàgbé ọ̀kan. Àwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ó jẹ́ àwa ni yóò máa pe fóònù, kí ó má ṣe jẹ́ òun ni yóò máa pè wá. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.