Èèkù àti Ọwọ́: Irinṣẹ́ Iṣẹ́-Abẹ Ojú-Ihò àti Orúkọ tí ó Yẹ Wọ́n

Bí a bá fẹ́ họ kóró inú akèrègbè jáde, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń tì bọ ọrùn rẹ̀. Bí ọwọ́ bá lọ sí apá ọ̀tún, orí ọ̀pá tí ó wà nínú akèrègbè a lọ sí apá òsì. Bí ọwọ́ bá tẹ ìdí ọ̀pá wálẹ̀, orí rẹ̀ a dìde sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún oníṣẹ́-abẹ tí ó ń ti ojú ihò kékeré ṣiṣẹ́ nínú ikùn aláìsàn, àfi pé ẹ̀dọ̀, ìfun àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó wà nínú akèrègbè tirẹ̀, àti pé kì í wo ohun tí ó ń ṣe ní tààrà: inú ẹ̀rọ amáwòrán tí a gbé sí iwájú rẹ̀ ni ó ti ń rí i. Irú irinṣẹ́ wo ni ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Orúkọ wo sì ni ó yẹ kí èdè Yorùbá pe irinṣẹ́ náà àti ìmọ̀ tí ó bí i? Ìbéèrè méjèèjì wọnú ara wọn ju bí ènìyàn ti lè rò lọ.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àná. Ní 1901, Georg Kelling, ará Jámánì, fi awò gbọọrọ wo inú ikùn ajá lẹ́yìn tí ó ti fi afẹ́fẹ́ fẹ ikùn náà. Ní 1910, Hans Christian Jacobaeus ní ìlú Stockholm ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, wíwò ni wọ́n ń fi awò náà ṣe jù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó. Harold Hopkins, onímọ̀ físíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wá fi ọ̀pá gíláàsì dí ọ̀pọ̀ nínú àlàfo inú awò náà ní 1959, tí àwòrán fi mọ́lẹ̀ kedere. Kurt Semm yọ apẹ́ńdíìsì ní ọ̀nà yìí ní Kiel ní 1980. Erich Mühe yọ àpò òróòro ní Böblingen ní oṣù kẹsàn-án 1985. Philippe Mouret ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lyon ní 1987. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ kọ́kọ́ bu ẹnu àtẹ́ lu Semm àti Mühe, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn 1987 tí iṣẹ́ náà fi tàn káàkiri. Èrè aláìsàn kò fara sin: ojú ọgbẹ́ kéré, ìrora dínkù, ó sì ń tètè padà sílé. Ẹrù ìnira tí a sọ̀ kúrò lórí aláìsàn, oníṣẹ́-abẹ ni ó gbé apá kan rẹ̀ rù.

Orúkọ iṣẹ́ náà ni ó kọ́kọ́ yẹ ní yíyanjú. Ẹni tí ó bá yára lè pè é ní iṣẹ́-abẹ aláìlanú, ìyẹn èyí tí kò la inú. Orúkọ náà kúrú, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú nìkan ni a ń ṣe iṣẹ́ yìí sí. A ń ṣe é sí àyà àti orúnkún pẹ̀lú. Bí òǹtẹ̀wé bá sì gbàgbé àmì ohùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn òǹtẹ̀wé ti máa ń gbàgbé, iṣẹ́-abẹ aláìlanu ni òǹkàwé yóò rí, yóò sì máa rò pé àwọn oníṣẹ́-abẹ tí kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ ni a ń wí. Iṣẹ́-abẹ ojú-ihò sàn jù: ó sọ ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà wọlé, kò sì há mọ́ ẹ̀yà ara kan. Ó tún ṣe é bá aláìsàn sọ. Ní ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀, níbi tí iṣẹ́ yìí ti dé, ẹni tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń fọwọ́ sí kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ti ìmọ̀ tí ó ń jẹ́ kí irinṣẹ́ bá ara òṣìṣẹ́ mu le díẹ̀. Wojciech Jastrzębowski, ọmọ ilẹ̀ Poland, ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1857, tí ó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, iṣẹ́ àti òfin, ṣẹ̀dá rẹ̀. Bí atúmọ̀ bá tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, òfin iṣẹ́ ni yóò kọ, kò sì sí ọmọ Nàìjíríà tí yóò gbọ́ òfin iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí owó oṣù, ìsinmi àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ohun tí ìmọ̀ náà ń ṣe ni ó yẹ ní títúmọ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀: ó ń mú iṣẹ́ bá ara mu. Láti inú gbólóhùn yìí ni ìmúṣẹ́báramu ti lè jáde. Ara tí ó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ara ènìyàn, ó sì lè jẹ́ èyí tí a ń lò nígbà tí a bá ní nǹkan méjì bára mu. Pọ́n-na sábà máa ń jẹ́ àléébù nínú ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀. Níhìn-ín, àǹfààní ni, nítorí ìtumọ̀ méjèèjì tọ̀nà. Ohun tí kò gbọdọ̀ yí padà ni ètò rẹ̀: iṣẹ́ ni a ń mú bá ara mu, a kì í mú ara bá iṣẹ́ mu.

Irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ẹ̀yà mẹ́ta: èèkù tí ọwọ́ ń dì mú, ọ̀pá gbọọrọ tí ó gba inú ihò kọjá, àti ẹnu tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Ọ̀pá náà sábà máa ń gùn ju sẹ̀ntímítà 30 lọ, ó sì máa ń nípọn tó mìlímítà 5 tàbí 10. Ẹnu lè jẹ́ ti ẹ̀mú, bí èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń di irin gbígbóná mú, tàbí ti àlùmọ́gàjí. Ibi tí ọ̀pá ti gba ara ikùn kọjá ni ojú-ìgbáralé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó gbára lé láti yí. Nítorí ojú-ìgbáralé yìí, ìrìn mẹ́rin péré ni ó kù fún ọ̀pá: kí ó wọlé tàbí kí ó jáde, kí ó yí lórí ara rẹ̀, kí ó yà sí ọ̀tún tàbí òsì, kí ó lọ sókè tàbí kí ó wálẹ̀. Ọwọ́ tí ó wà nínú ikùn tí a là sílẹ̀ kò mọ irú ààlà bẹ́ẹ̀. Ìṣirò kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí olùkọ́ lè lò. Bí sẹ̀ntímítà 20 ọ̀pá bá wà ní òde, tí 10 wà nínú, ìrìn ẹnu yóò jẹ́ ìdajì ìrìn ọwọ́. Bí a bá tì í wọlé títí 20 fi wà nínú, tí 10 ṣẹ́ kù sí òde, ìrìn ẹnu di ìlọ́po méjì ìrìn ọwọ́, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n díẹ̀, ẹnu a gbọ̀n púpọ̀. Irinṣẹ́ kan náà ni. Ó ń pa ìwà dà bí ó ti ń wọlé ni.

Ṣùgbọ́n ìdí èèkù ni gbogbo ẹjọ́ wà. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irinṣẹ́ wọ̀nyí mú èèkù àlùmọ́gàjí, olóruka méjì, wọ́n sì so ó mọ́ ìdí ọ̀pá gígùn. Òrùka náà kò ṣe aránṣọ ní ibi, nítorí ó ń gé aṣọ, ó sì ń gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ní ti oníṣẹ́-abẹ tí yóò di ẹran ara mú fún ìgbà pípẹ́, òrùka yẹn a máa tẹ iṣan ìmọ̀lára tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, títí àtàǹpàkò yóò fi kú tipiri. Àwọn dókítà ti ń kọ nípa àìsàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bí èèkù bá sì dúró ní ìgun sí ọ̀pá nígbà tí ẹnu dojú kọ ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ a ká kò, ọrùn ọwọ́ tí ó ká kò kì í sì í lè di nǹkan mú bí èyí tí ó tọ́. Agbára tí ọwọ́ fi tẹ èèkù kì í tilẹ̀ dé ẹnu tán, nítorí bí àwọn ẹ̀yà inú ọ̀pá ti ń ha ara wọn ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọwọ́ ta ni wọ́n fi wọn èèkù náà? Ní 2004, Ramon Berguer àti Alan Hreljac tẹ àbájáde ìwádìí jáde láti ẹnu oníṣẹ́-abẹ 726. Àwọn tí ìbọ̀wọ́ wọn kò ju 6½ lọ ni irinṣẹ́ wọ̀nyí ń ni lára jù, ìwọ̀n yìí sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń wọ̀. Àìmọ̀ọ́ṣe kọ́ ni èyí rárá: ọwọ́ mọ iṣẹ́, èèkù ni kò mọ ọwọ́. Èèkù mìíràn ti wà nísinsìnyí tí ó kún àtẹ́lẹwọ́ dípò kí ó gé àtàǹpàkò, tí ìka ìfábẹ̀lá sì lè fi kẹ̀kẹ́ kékeré yí ọ̀pá láìjẹ́ pé ọrùn ọwọ́ lọ́. Síbẹ̀, olóruka ni ó ṣì wọ́pọ̀.

Èèkù nìkan kọ́ ni ìmúṣẹ́báramu ń wò. Nítorí gígùn ọ̀pá, ọwọ́ máa ń ga ju ikùn aláìsàn lọ. Bí a bá fi tábìlì sí ibi tí ó máa ń wà fún iṣẹ́-abẹ alánú, èjìká oníṣẹ́-abẹ a gbé sókè, apá rẹ̀ a sì là bí ìyẹ́ ẹyẹ. Nítorí náà ni tábìlì ṣe gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí èèkù yóò fi bá ìgúnpá dọ́gba, tí ẹ̀rọ amáwòrán yóò sì wà níwájú gan-an, kí ó rẹlẹ̀ sí ojú díẹ̀. Alfred Cuschieri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee tún fi hàn pé bí irinṣẹ́ méjì bá pàdé ní ìgun tí ó súnmọ́ 60 dígírì ni okùn rọrùn jù láti so.

Atúmọ̀ tí ó bá kọ ọwọ́ irinṣẹ́ dípò èèkù yóò rí wàhálà. Gbólóhùn bíi ọwọ́ kò bá ọwọ́ mu yóò dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà fún. Èèkù kò ṣàjèjì: ọkọ́ ní in, àdá ní in, àwọn àgbà sì ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ohun tí kò tíì ní orúkọ ni eyín kéékèèké tí ó wà lára èèkù, tí ó ń di ẹnu ẹ̀mú mú ní pípadé kí àtàǹpàkò lè sinmi. Ìdè kò sọ pé ó ń lọ ní ìpele-ìpele. Ìkọ́ kò sọ pé ó ṣe é tú. Ohun tí ó jọ ọ́ wà ní ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, èyí tí ó ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ nígbà tí a kò bá wa ẹsẹ̀. Ẹnu àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ orúkọ kan sínú ìwé.