Ewé tí kò gbọdọ̀ rí iná

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní í rí i. Lọ́dún 1969, ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà ní kí Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ oògùn, wá ohun tí yóò ṣẹ́gun ibà, nítorí pé kòkòrò ibà ti ń borí chloroquine. Ó tú ìwé àwọn oníṣègùn àtijọ́ wò, ó sì dé orí ewé qinghao. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sè é, agbára rẹ̀ kò dúró sójú kan.

Ìwé Ge Hong, tí ó ti lé ní 1600 ọdún, ló tú àṣírí náà: kí a rẹ ewé yìí sómi, kí a fún un, kí a mu ún. Kò mẹ́nu kan iná rárá! Tu fura pé ooru ló ń ba oògùn náà jẹ́. Ó wá fi ether, tí í tètè hó, yọ èròjà rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1971, oògùn náà pa gbogbo kòkòrò ibà tó wà lára àwọn eku tí wọ́n fi dán an wò. Lọ́dún 1972, Tu fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ lò ó kí wọ́n tó fún aláìsàn.

Èròjà náà ni artemisinin. Lọ́dún 2005, oògùn tí a pò mọ́ irú rẹ̀ ni Nàìjíríà fi rọ́pò chloroquine. Nígbà tí Tu gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015, kì í ṣe àgbo lásán ló gbé e débẹ̀, bí kò ṣe àgbo tí a yẹ̀ wò, tí a wọ̀n, tí a sì dán wò.