Nígbà Tí Àjàlá Sá Gun Orí Àjà: Ọ̀rọ̀ Ifá Fún Ẹni Tó Dá Ilé Iṣẹ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti orò, kì í sì í ṣe ti ọdún ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, àwọn tó fi fóònù àti kọ̀ǹpútà dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tí ilé iṣẹ́ náà ń dàgbà, ṣùgbọ́n tí ọkàn tiwọn ń rẹ̀ bó ti ń dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ọ̀kan nínú wọn. Ká ní Ẹgbẹ́dá ló ń gbé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òun nìkan ló ń jí lọ sí ọjà Ìkòtún ní ìdájí, tó ń ra tòmátò, ata rodo àti gààrí fún àwọn oníbàárà tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọ̀kadà ló ń gùn gbé e dé Ìgándò, Ìdímù àti Àkọ́wọ́njò. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti di mẹ́rìnlá. Ó ti gba ọ́fíìsì, ó ti ra jẹnẹrétọ̀, àwọn olówó kan sì ti fi owó sínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é ní àdúgbò. Ìyá rẹ̀ ń fi í yangàn níbi ìpàdé ẹbí. Àmọ́ ìparí oṣù ti dé, owó tó wà nílé kò tó san owó oṣù. Ó pa fóònù rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó dùbúlẹ̀, oorun kò sì kùn ún.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí ló lérò jù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ní èèyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 270. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Níbi tí èèyàn bá pọ̀ tó báyìí, ọjà kì í wọ́n. Ohun tó ń wọ́n ni ẹni tí olórí iṣẹ́ lè sọ fún pé, "Ẹ̀rù ń bà mí."

Ṣé Ifá ní ọ̀rọ̀ kankan fún ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí yìí? Ó ní in.

Gbogbo wa la mọ ìtàn bí Afùwàpẹ́ ṣe yan orí. Ó wà nínú Ògúndá Méjì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ Àgbáyé, sì wà lára àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má bàa sọnù. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sí ayé: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ dé ilé Àjàlá tó ń mọ orí, kí kálukú yan tirẹ̀. Àwọn méjì tó kù yára lọ. Afùwàpẹ́ yà kí bàbá rẹ̀, wọ́n dá Ifá fún un, ó rúbọ, wọ́n sì ní kó gbé iyọ̀ àti owó dání. Nígbà tí àwọn méjì yẹn dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a nílé, wọn kò sì lè dúró dè é. Wọ́n mú orí tó tóbi, tó lẹ́wà lójú, láìmọ̀ pé wọn kò tíì sun ún jinná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì ń ṣí dànù díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ayé.

Orí tí Afùwàpẹ́ yàn la máa ń fi ìtàn yìí ṣàlàyé. Lónìí, ẹ jẹ́ ká wo Àjàlá fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò fi bá a nílé?

Àjàlá kò rìnrìn àjò. Gbèsè ló jẹ. Nígbà tí olówó bá dé, orí àjà ló máa ń sá gùn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: amọ̀kòkò tí gbogbo ayé ń wá orí wá sọ́dọ̀ rẹ̀, tí kò sí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, orí àjà ló sá sí. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Oníbàárà rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n kò mójú tó ilé iṣẹ́, ó ń jẹ gbèsè, àwọn orí kan sì ń jáde tí iná kò tíì mú dáadáa. Nígbà tó fi wà lórí àjà, àwọn oníbàárà ń fọwọ́ ara wọn mú ohun tí kò yẹ kó kúrò nílé. Gbèsè tó ń sá fún kò kéré sí i, àwọn tí kò jẹ́ gbèsè kankan ló wá ń bá a san án.

Ọmọ wa ní Ẹgbẹ́dá, orí àjà ló wà yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pe fóònù tó ti pa. Ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀gá ti fẹ́ sá lọ sí òkè òkun. Òmíràn ń dá àwọn oníbàárà lóhùn bó ṣe wù ú. Ohun tí olórí bá kọ̀ láti sọ, àhesọ ni yóò bá a sọ ọ́.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn kéékèèké nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ wo Andela. Ọdún 2014 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó, Iyinoluwa Aboyeji sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì máa bá àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ṣiṣẹ́ láti ìhín. Ní 2016, àjọ tí Mark Zuckerberg àti ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ ló ṣáájú àwọn tó kó mílíọ̀nù 24 dọ́là sí i. Ní oṣù Kínní 2019, mílíọ̀nù 100 dọ́là mìíràn tún wọlé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ilé iṣẹ́ náà kéde pé nǹkan bí 400 nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ní Nàìjíríà, Kenya àti Uganda, ni iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni oníbàárà ń béèrè, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló sì pọ̀ jù nílé. Owó ńlá kò dí òjò lọ́wọ́.

Àmọ́ Jeremy Johnson, tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, kò gun orí àjà. Ó kọ̀wé síta, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi ṣẹlẹ̀. Kò mú kó dùn mọ́ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni irú rẹ̀ yóò dùn mọ́? Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó yẹ kó sọ ọ́. Andela rù díẹ̀, ó yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó sì wà títí di òní.

Òjò mìíràn tún wà tí kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Gokada bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ọ̀kadà tí èèyàn ń pè lórí fóònù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Erékùṣù Èkó àti Etí-Ọ̀sà wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni owó sì wà. Gokada ní láti fi èrò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ olórí ló jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò máa fi ara rẹ̀ gún lóru lórí ohun tí ìjọba ṣe lọ́sàn-án.

Báwo wá ni Àjàlá ṣe sọ̀ kalẹ̀? Ìtàn yẹn ló sọ fún wa. Afùwàpẹ́ pàdé oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó fún un níyọ̀, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọbẹ̀ dùn, oníbodè sì tú àṣírí fún un pé gbèsè ló ń lé Àjàlá sá. Nígbà tí Afùwàpẹ́ dé ibẹ̀, ó bá olówó lẹ́nu ọ̀nà, ó san gbèsè náà. Ìgbà yẹn ni Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, tó mú un wọ inú ilé, tó sì bá a yan orí tó jinná, èyí tí òjò kò rí gbé ṣe.

Ẹ wo ẹbọ tí Afùwàpẹ́ rú. Iyọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníbodè, owó lọ sọ́dọ̀ olówó. Ẹbọ náà ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà, ó kan ẹni tó yẹ kó kàn. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí nígbà tí ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ ń dà láàmú bá sáré tọ àwọn tó ń ta oògùn owó lọ, tí wọ́n sì gba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ifá kò rán ẹnikẹ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Babaláwo gidi yóò dá Ifá, yóò sọ ẹbọ, lẹ́yìn náà yóò bi ọ́ léèrè pé: ta ni o jẹ ní gbèsè? Ta ni o kò tíì sọ òótọ́ fún? Ẹni tó bá rúbọ tán tó tún padà sórí àjà, ẹbọ rẹ̀ kò tíì parí.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú Ọ̀ṣẹ́túrá. Nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ dé ilé ayé, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọn kò pe Ọ̀ṣun, nítorí pé obìnrin ni. Ohun tí wọ́n bá dáwọ́ lé kò ń yọrí. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, Ó sì bi wọ́n léèrè ẹni kan ṣoṣo tí wọn kò pè. Ìgbà tí wọ́n bẹ Ọ̀ṣun ni ayé tó gún régé. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń dàgbà, Ọ̀ṣun kan wà níbẹ̀: obìnrin tó ń ṣírò owó, tó ti rí i láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn pé owó ń tán lọ, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè. Ọ̀gá ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé, ẹni tó mọ̀ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo bí ilé awo ṣe tò. Àràbà wà, Olúwo wà, Ojùgbọ̀nà wà, Akọ́dá àti Aṣẹ́dá wà. Kálukú mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àràbà kì í lọ já gbogbo ewé fúnra rẹ̀. Ọmọ awo tó ń kọ́ṣẹ́ ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fà á lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà gbé tòmátò fúnra rẹ̀ nígbà tó jẹ́ òun nìkan, tí kò bá fi iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n di mẹ́rìnlá, ọrùn rẹ̀ yóò kán. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò dára kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan fún ẹni tí kò kọ́. Orí tí a kò sun jinná nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó kù, orí ara ẹni ni. A ń bọ orí nítorí pé orí lè rẹ̀. Àwa onífá ní ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń yí po lọ́jọ́ márùn-ún-márùn-ún. A ń dúró, a ń bi Ifá léèrè, a ń wo ibi tí a dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa yìí kò ní ọjọ́ kankan tí wọ́n ń dúró. Iná fóònù ló ń kí wọn ní àárọ̀, òun náà ló ń sìn wọ́n lọ sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní ọjọ́ kan tí wọn kò ní tajà, tí wọn yóò wo ìwé owó, tí wọn yóò jókòó ti àgbà kan tí kò ní jẹ èrè nínú ìmọ̀ràn tó ń gbà wọ́n. Tí àárẹ̀ ọkàn bá sì kọjá ohun tí ìjókòó lè wò, ilé ìwòsàn wà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ẹgbẹ́dá. Ilẹ̀ ti ń mọ́. Tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá jẹ́ ọmọ mi, n kò ní sọ fún un pé gbogbo nǹkan yóò dára, nítorí n kò mọ̀. N óò ní kó tan fóònù rẹ̀. Kó pe àwọn mẹ́rìnlẹ̀ẹ̀rìnlá jọ kí wọ́n tó gbọ́ ọ lóde. Kó sọ iye tó wà nílé, iye tó lè san lónìí, ọjọ́ tí yóò san èyí tó kù. Tí ó bá jẹ́ pé méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ lọ, kó sọ ọ́ lójú wọn, kó má fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọ́. Ojú yóò tì í. Ẹlòmíràn lè bú u. Ṣùgbọ́n yóò ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà, ibi tí a sì ti lè ràn án lọ́wọ́ nìyẹn.

Kí Ẹlẹ́rìí Ìpín má jẹ́ kí òjò ayé ṣí orí wa dànù. Kí Ó rán Afùwàpẹ́ sí gbogbo Àjàlá tó wà lórí àjà, ní Alímọ̀ṣọ́ àti níbi gbogbo. Àṣẹ.