Kọ́bọ̀ Tí Etí Rẹ̀ Jẹ: Àṣìṣe Ẹ̀rọ Ni Tàbí Iṣẹ́ Ayùn?

Ìyá kan ní àdúgbò wa mú kọ́bọ̀ onihò àtijọ́ kan tọ̀ mí wá. Etí rẹ̀ jẹ bí àgbàdo tí eku gé. Ọmọkùnrin kan ti sọ fún un pé àṣìṣe àwọn tí ń rọ owó ni, àti pé àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ yóò fi owó ńlá rà á. Owó èsúsú rẹ̀ ni ìyá yìí fẹ́ kó lé e lọ́wọ́.

“Tíṣà, ẹ bá mi wò ó kí n tó sanwó.”

Irú kọ́bọ̀ yìí ni a ń ná kí Nàìjíríà tó ní owó onírin tirẹ̀ ní 1959. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. H tàbí KN wà lára àwọn tí wọ́n rọ ní Birmingham.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láti ara irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń gé owó ní róbótó. Bí ó bá gé ibi tí ó ti gé tẹ́lẹ̀, etí owó náà yóò jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún etí rẹ̀ kí ó lè yọ sókè, kí òǹtẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Níbi tí ó jẹ, kò sí ohun tí ẹ̀rọ yóò fún. Nítorí náà ni etí òdìkejì rẹ̀ gan-an kì í fi í sábà yọ dáadáa.

Mo yẹ ti ìyá wò. Etí òdìkejì yọ ketekete, ojú ayùn sì hàn níbi tí ó jẹ.

“Ìyá, ẹ dá owó yín padà sápò.”

Ẹ fi èyí náà sọ́kàn: bí òǹtẹ̀ bá sán, ìlà tí yóò fi sára owó yóò yọ sókè, ìlà tí ó bá jìn wọnú, nǹkan ni ó ha á. Ihò wẹ́wẹ́ àti àwọ̀ ewé, ilẹ̀ àti omi ni ó jẹ ẹ́. Bí lẹ́tà bá sì tẹ́ pẹrẹsẹ, òòlù tàbí ọwọ́ tí ń ná an ni ó ṣe é.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó àtijọ́. Dídán yẹn ni í ba iye rẹ̀ jẹ́.

Sùúrù ni a fi ń pa eèrà kí a tó rí ìfun rẹ̀.