Igi Kì Í Ṣe Iṣu

Ọmọ àgbẹ̀ tó bá ti kọ ebè rí mọ ìdí tí a fi ń wa erùpẹ̀ jọ. Iṣu ń fẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ tó ga, kó lè ráyè ta. Ó ti wá mọ́ wa lọ́wọ́ pé ohun tí a bá gbìn, ká bò ó dáadáa.

Bí ẹ bá dé Amẹ́ríkà nígbà ìrúwé, ẹ óò rí ebè lẹ́bàá títì, ṣùgbọ́n kò sí iṣu lábẹ́ rẹ̀. Ìdí igi ni wọ́n da ẹ̀rúnrún igi lé, tó ga fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orókún. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ igi níbẹ̀ kórìíra rẹ̀ débi pé òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n ń pè é.

Kí ló burú níbẹ̀? Ẹ wo ìdí ìrókò. Kò wọlẹ̀ ṣánṣán bí òpó iná. Ó ń fẹ̀ síta kó tó di gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ ká pe ibẹ̀ ní ọrùn igi. Bí erùpẹ̀ tàbí ẹ̀rúnrún igi bá bò ó, èèpo rẹ̀ á máa tutù tọ̀sán tòru, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Gbòǹgbò tí kò rí afẹ́fẹ́ á gòkè wá sínú ebè, á lọ́ mọ́ igi nídìí. Bí igi ti ń sanra, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò náà ń sanra, títí yóò fi fún un lọ́rùn. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó gbìn ín á ti gbàgbé.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbin igi, ẹ fi ìka họ erùpẹ̀ tó wà lókè nínú ọ̀rá tí wọ́n gbìn ín sí, títí ọrùn yóò fi yọ, torí wọ́n sábà máa ń bò ó láti ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Kí kòtò má jìn ju erùpẹ̀ tó di gbòǹgbò mú lọ, ṣùgbọ́n kó fẹ̀ tó ìlọ́po 2 tàbí 3 rẹ̀. Ẹ̀rúnrún igi wúlò, ó ń pa omi mọ́. Sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 ti tó. Kó yí igi ká bí òṣùká, kó má fara kàn án.

Ó wá ku èèpo. Ẹni tó ń bó èèpo igi fún àgbo, tó sì fẹ́ padà wá bó o lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń gbà bó o. Àgbẹ̀ tó fẹ́ kí igi kú lórí ìdúró ló ń bó o yíká, torí abẹ́ èèpo ni oúnjẹ ń gbà ti ara ewé lọ bá gbòǹgbò. Nílẹ̀ òtútù, ehoro àti eku tí ebi ń pa nígbà yìnyín ló ń bó o yíká. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ni. Ní ìlú Ọba, lọ́dún 1979, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Graham Tuley bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike tó rí bíi páìpù bo igi kéékèèké. Ọgbọ́n kan náà ni ọgbà ọparun tí a ń ṣe yí máńgòrò ká nítorí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tú ike náà kí igi tó kún inú rẹ̀.

Lọ́la, ẹ wo igi iwájú ilé yín. Bó bá wọlẹ̀ bí òpó iná, ẹ gbé ọkọ́ sílẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ fọwọ́ wa ọrùn rẹ̀ jáde.