Bí Wọ́n Ti Ń Fi Ọba Jẹ àti Bí Wọ́n Ti Ń Kọ Ọba ní Ọ̀yọ́

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kà á nínú ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n gba adé lórí Richard Kejì ní ọdún 1399, tí wọ́n sì gbé e fún Henry ìbátan rẹ̀, ẹnu a máa yà wọ́n. Kábíyèsí ni wọ́n ti ń gbọ́ láti kékeré, aláṣẹ èkejì òrìṣà. Ta ni yóò wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó dìde lórí ìtẹ́? Ọmọkùnrin kan bi mí nínú kíláàsì ní Ìwó níhìn-ín pé, "Ọ̀gá, ǹjẹ́ irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá?" Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ni ó wà ní Ìwó tí ó jẹ́ pé Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú tí ó yí i ká ni baba ńlá wọn ti sá wá nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fọ́. Ara ohun tí ó sì fọ́ ìjọba náà ni ìjà láàárín ọba àti àwọn tí ó ní àṣẹ láti kọ ọba.

Ìjòyè méje ni Ọ̀yọ́ Mèsì: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìíńnì, Lágùnnà, Akínníkú àti Aṣípa. Àwọn ni wọ́n ń yan Aláàfin láàárín àwọn ọmọ ọba, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Ọ̀run, Baṣọ̀run a máa da obì láti wò ó bóyá orí ọba ṣì ń gba ẹbọ. Bí ìwà ọba bá ti sú ìlú, tí obì kò sì yàn, ọ̀rọ̀ di ti àrokò. Wọn a fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, tàbí ẹyin odídẹrẹ́. Kò sí àlàyé kankan tí Aláàfin tún ń béèrè lẹ́yìn èyí. Bí ó bá ti ṣí igbá náà wò, ó mọ̀ pé ayé ti kọ òun, ilẹ̀ sì ti kọ òun. Yóò wọ inú ilé lọ, yóò sì gbé májèlé jẹ.

Ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ọba. Òun tìkára rẹ̀ ni ó lọ. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nìyí nígbà tí mo fi ìtàn wa wé ti àwọn òyìnbó, nítorí pé ẹ̀rù kan náà ni ó bà wọ́n. Ẹ̀sùn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n kà sí Richard lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ wọ́n rí i dájú pé wọ́n kọ́kọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé òun fúnra òun ni òun fi adé sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe fún Edward Kejì ní ọdún 1327. Inú àhámọ́ ni àwọn méjèèjì kú sí láìpẹ́ lẹ́yìn náà, bí ẹni pé ikú ọ̀hún ṣèèṣì bá wọn. Ní ti àwọn Frank ìgbàanì, irun gígùn ni àmì ọba láàárín wọn. Nítorí náà nígbà tí wọ́n yọ Childeric Kẹta ní ọdún 751, orí rẹ̀ ni wọ́n fá, wọ́n sì fi í sí ilé àwọn tí ó fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ogun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ń mú ọba wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wá òfin tí yóò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀ ti la ọ̀nà náà sílẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ní agbára láti kọ ọba kò gbọdọ̀ jẹ́ kí agbára láti yan ọba bọ́ lọ́wọ́ òun. Ibi tí ọ̀ràn Àrẹ̀mọ ti wọlé nìyí. Àkọ́bí ọba lọ́kùnrin ni Àrẹ̀mọ. Òun àti baba rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lo ilé ayé: ó ní ààfin tirẹ̀, ó ní ìránṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn a sì máa ṣe bí ó ti wù wọ́n láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí baba bá wàjà, Àrẹ̀mọ náà gbọdọ̀ kú, bí Olókùn-ẹṣin ti gbọdọ̀ kú. Òfin tí ó le ni. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọjọ́ ikú baba òun ni ọjọ́ ikú òun kì yóò bu májèlé sí ọbẹ̀ baba rẹ̀. Èyí tí ó sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ìtẹ́ yóò ṣófo, ọ̀rọ̀ yóò sì padà sọ́wọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì láti yan ẹlòmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ìjòyè náà kì í ṣi agbára lò. Láti ọdún 1754 títí di 1774, Baṣọ̀run Gáà ni ó ń darí Ọ̀yọ́ bí ó ti wù ú. Ọba mẹ́rin ni ó wá, tí ó sì lọ lójú rẹ̀. Awónbíojú kò lò ju àádóje ọjọ́ lọ lórí ìtẹ́. Abíọ́dún ni ó fi sùúrù bá a gbé, tí ó ń dọ́gbọ́n, títí tí Ọ̀yábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Àjàṣẹ́, fi kó ogun wá ràn án lọ́wọ́ tí wọ́n sì pa Gáà. Títí di òní ni àwọn àgbà ń fi ikú Gáà dẹ́rù ba ìkà. Lẹ́yìn Abíọ́dún, wọ́n tún gbé igbá fún Awólẹ̀, Àfọ̀njá sì mú Ìlọrin kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Nígbà tí yóò fi tó ọdún 1837, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro.

Àtìbà ni ó tún Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó sí ibi tí ó wà lónìí. Nígbà tí ara rẹ̀ ń di ara àgbà, ó sọ pé òun kò fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ òun, bá òun kú. Kí ó jọba lẹ́yìn òun ni. Èmi kò lè dá baba lẹ́bi pé kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbé májèlé jẹ. Hugh Capet, ọba Faransé, ṣe ohun tí ó fara jọ èyí ní ọdún 987. Ìdìbò àwọn ìjòyè ni òun fúnra rẹ̀ fi dé orí ìtẹ́, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí ó ti dé Robert ọmọ rẹ̀ ládé. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí àwọn ènìyàn fi gbàgbé pé wọ́n ń yan ọba rí. Wọ́n rí i mú jẹ ní Faransé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iná ni ó dá.

Ìbàdàn gbà fún Àtìbà. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kò gbà. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, tí Adélù sì gun orí ìtẹ́, Kúrunmí ní òun kò mọ ọba tí ó yẹ kí ó ti wà ní sàréè. Òfin ìbílẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nítòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà kì í ṣe ẹni tí ó ń gba ìmọ̀ràn ní Ìjàyè. Bí ọba aláìlẹ́gbẹ́ ni ó ti ń ṣe níbẹ̀. Obìnrin olówó kan kú ní Ìjànà láìní àrólé, Adélù ní ti òun ni ogún rẹ̀, Kúrunmí ní ti òun ni. Ọ̀rọ̀ ogún yìí ni ó da epo sí iná. Ní ọdún 1860 Ìbàdàn dìde, Ìbíkúnlé tí í ṣe Balógun ni ó ṣáájú wọn; àwọn Ẹ̀gbá sì wá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ọmọ Kúrunmí márùn-ún ni ogun náà pa. Òun fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kẹfà ọdún 1861, ìbànújẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó pa á. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè ṣubú. Ebi ti kọ́kọ́ pa àwọn ará ìlú náà kí ọfà tó pa wọ́n. Àwọn tí ó là á já sá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì tẹ àdúgbò tiwọn dó níbẹ̀, Àgọ́ Ìjàyè.

Ohun tí ó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni mo máa ń rò. Nígbà tí Adélù kú, kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi jọba. Adéyẹmí Kìíní, ọmọ Àtìbà bí i tirẹ̀, ni wọ́n mú. Ìlú ńlá kan ti jóná nítorí pé kí ọmọ lè jẹ lẹ́yìn baba, ìran kan kò sì tíì kọjá tí wọ́n fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í yàn bí ti àtijọ́. Èyí tí ó yí padà ní tòótọ́ ni pé Àrẹ̀mọ kò bá baba kú mọ́.

Ìgbà tí òyìnbó dé, igbá òfìfo náà kò ní agbára mọ́. Ẹni tí ìjọba bá gbè lẹ́yìn ni ó ń jókòó. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1954 láàárín àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lé Aláàfin Adéyẹmí Kejì kúrò nílùú, wọ́n sì yọ ọ́ lóyè. Kò sí àrokò níbẹ̀, ìwé ni. Gbádégẹṣin Ládìgbòlù ni ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún 1956. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, Làmídì, ọmọ ẹni tí wọ́n yọ, gun orí ìtẹ́ baba rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ọdún 2022. Lẹ́yìn rẹ̀, ìtẹ́ ṣófo fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn afọbajẹ àti ti ìjọba kò bá ara wọn mu. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé ọ̀pá àṣẹ lé Akeem Abímbọ́lá Ọ̀wọ́adé lọ́wọ́.