Nam-myoho-renge-kyo: Báwo ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tí kò ní àlùfáà ṣe ń jọ́sìn ní Ghana?

Láàárọ̀ àti lálẹ́, àwọn ìdílé kan wà nílùú Accra tí wọ́n máa ń jókòó síwájú àpótí onígi kékeré kan nínú ilé wọn. Inú rẹ̀ ni Gohonzon wà, ìyẹn àkájọ ìwé tí wọ́n ń kọjú sí gbàdúrà. Wọ́n á pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì máa wí gbólóhùn kan ṣoṣo léraléra: Nam-myoho-renge-kyo.

Ọmọ ẹgbẹ́ Soka Gakkai ni wọ́n, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà tó ti Japan wá, tó sì tún wà ní Ivory Coast, Togo àti Benin. Wọn ò pọ̀ ní Ghana. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé ìdá 71.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ Kristẹni níbẹ̀, tí ìdá 19.9 sì jẹ́ Mùsùlùmí.

Ohun tó mú wọn yàtọ̀ ni pé wọn kò ní àlùfáà.

Kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn náà?

Nichiren, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà kan ní Japan, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn ní gbólóhùn yìí lọ́dún 1253. Inú ìwé Lotus Sutra ló ti mú un.

"Nam" ni kéèyàn fi ara rẹ̀ jìn. "Myoho" ni òfin ìjìnlẹ̀. "Renge" ni òdòdó lotus tó jọ òṣíbàtà, tó ń hù nínú ẹrẹ̀ síbẹ̀ tí ẹrẹ̀ kì í bà á jẹ́. "Kyo" ni ẹ̀kọ́.

Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Tokyo ni wọ́n ṣe ń pè é ní Accra, bí Mùsùlùmí tí kò gbọ́ Lárúbáwá ṣe ń fi èdè náà kírun. Wọ́n tún máa ń mú ìlẹ̀kẹ̀ tó jọ tẹ̀sùbáà dání.

Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ìwà Búdà wà nínú gbogbo èèyàn, ohùn yìí ló sì ń jí i. Olórin Tina Turner, tó kú lọ́dún 2023, náà wí i fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀wọ̀n àti ìyapa

Ọdún 1930 ni olùkọ́ Tsunesaburo Makiguchi àti Josei Toda dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà ogun, ìjọba Japan ní kí oníkálukú gba ohun ìjọsìn Shinto sílé. Makiguchi kọ̀. Wọ́n tì í mọ́lé lọ́dún 1943, inú ẹ̀wọ̀n ló sì kú sí ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1944.

Lọ́dún 1991, àwọn àlùfáà Nichiren Shoshu, tí ẹgbẹ́ náà ń bá ṣe, yọ wọ́n lẹ́gbẹ́. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló dá ìjà sílẹ̀: ǹjẹ́ àlùfáà ga ju ọmọ ìjọ lọ? Ìyapa náà dé Ghana. Àwọn kan tẹ̀lé àwọn àlùfáà, tí wọ́n ní tẹ́ńpìlì ní Accra. Àwọn yòókù dúró ti ẹgbẹ́.

Ta ló ń sin òkú wọn?

Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló ń darí ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Ghana, níbi tí ìsìnkú ti jẹ́ ti gbogbo mọ̀lẹ́bí, tí Kristẹni àti Mùsùlùmí sì lè wà nínú ẹbí kan náà.

Ilé ara wọn ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, tọkùnrin tobìnrin. Oníkálukú á sọ ohun tójú rẹ̀ rí: àìsàn, àìríṣẹ́, ìjà ilé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jọ gbé ohùn sókè.